Ìlú Tí Òjò Kọ́: Buxton Nígbà Òtútù

Ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ àárọ̀ máa ń kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Buxton, oòrùn sì ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ kò bá dára, ẹnikẹ́ni kì í fojú kan oòrùn ọ̀hún títí tó fi wọ̀. Ní ìwọ̀nba wákàtí tó wà láàárín, kùrukùru a sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tó yí ìlú ká, a bo orí àwọn ilé gíga, òjò wínníwínní a sì máa ṣẹ̀ láìdá: kì í rọ̀ débi tí èèyàn yóò fi sá wọlé, kì í sì dá débi tí èèyàn yóò fi pa agboòrùn dé. Atẹ́gùn a gba abẹ́ agboòrùn wọlé, a sì yí i sódì mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú nígbà tó bá gbẹ, a dúdú bó ti ń mu omi.

Síbẹ̀, ìgboro kì í dá. Àwọn àgbàlagbà ń fa ajá wọn kiri nínú aṣọ òjò, àwọn àlejò tó ti sanwó ilé ìtura sílẹ̀ ń rìn nítorí pé owó ti lọ, àwọn ará ìlú kan sì ń gbé ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lọ sí ojú omi kan tó wà níwájú ilé ńlá tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Láti ẹnu orí kìnnìún tí wọ́n fi idẹ rọ ni omi náà ti ń dà sínú ọpọ́n òkúta, kò sì sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá pọn ún. Ẹni tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kú fún òtútù, tó bá na ọwọ́ sí i, yóò rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó yí ẹni náà ká lè má ju ìwọ̀n 3 lọ.

Ìlú omi ìwòsàn ni Buxton, ìyẹn ni pé ó wà lára àwọn ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dìde nítorí ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn pé omi tó ń sun láti abẹ́ ilẹ̀ wọn ń wo àìsàn sàn, tí olówó àti tálákà fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá wẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń mu ún gẹ́gẹ́ bí oògùn. Bath, Harrogate, Cheltenham àti Tunbridge Wells náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ohun tó ya Buxton sọ́tọ̀ láàárín wọn ni pé òjò, tí àlejò ń tìtorí rẹ̀ ráhùn, gan-an ló bí ìlú náà ní ọ̀nà méjì: òun ló ń di omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ilẹ̀, òun náà ló sì sọ fún àwọn tó kọ́ ìlú bí wọn yóò ṣe tò ó. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá rin ìlú náà nígbà tí ojú ọjọ́ burú ló rí i bó ṣe yẹ kí wọ́n rí i.

Ibi Tí Òjò Ti Ń Wá

Agbègbè Derbyshire ni Buxton wà, ní nǹkan bí 40 kìlómítà sí Manchester, ó sì fi nǹkan bí 300 mítà ga ju ojú òkun lọ. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fọ́nnu pé kò sí ìlú ọlọ́jà kankan tó ga tó tiwọn ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Alston ní Cumbria kò gbà títí di òní. Ìwọ̀ oòrùn ìlú náà ni òkè Axe Edge wà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 551 mítà, tí odò márùn-ún sì ti orí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀, lára wọn ni odò Wye tó gba àárín Buxton kọjá.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí òkun Atlántíìkì ló ń gbé ọ̀rinrin wá, nígbà tó bá sì kan òkè yìí, kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju kó gun òkè lọ. Bó ti ń gòkè ló ń tutù, bó sì ti ń tutù ni omi inú rẹ̀ ń di ìkùukùu tó ń rọ̀ sórí ìlú. Òjò tó ń rọ̀ ní Buxton lọ́dún lé ní 1,200 mìlímítà, èyí tó tó ìlọ́po méjì ti Lọ́ńdọ̀nù. Iye yìí kò ní ya ará Ìbàdàn lẹ́nu, nítorí kò jìnnà sí èyí tó ń rọ̀ ní ìlú tirẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń rọ̀ ni kò jọra: òjò Ìbàdàn a máa fi ìbínú dé, a ya igi, a kún gọ́tà, lẹ́yìn wákàtí kan oòrùn a tún yọ, ṣùgbọ́n ti Buxton nígbà òtútù a máa pín ara rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, kò sì ní gbàgbé ọjọ́ Àìkú.

Nígbà mìíràn òjò náà a dì, a sì funfun. Ọ̀nà mọ́tò tó gba orí òkè lọ sí Macclesfield kọjá lẹ́bàá ilé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cat and Fiddle, tó jẹ́ ilé ọtí tẹ́lẹ̀, tí ó ga tó 515 mítà, ọ̀nà yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gba orí òkè sì máa ń wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ń tì bí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí àwọn ará ìlú kì í rẹ̀ láti sọ fún àlejò ni ti ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 1975, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ kó ti wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹgbẹ́ Derbyshire àti ti Lancashire ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní pápá Buxton, tí yìnyín rọ̀ bo pápá náà débi pé eré ọjọ́ náà kò lè wáyé rárá.

Bí Òjò Ṣe Ń Di Omi Ìwòsàn

Òkúta méjì ló pàdé lábẹ́ Buxton. Ní ìwọ̀ oòrùn, òkúta oníyanrìn tó le koko ni, ilẹ̀ orí rẹ̀ sì dúdú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ní ìlà oòrùn, òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Òkúta ẹfun a máa yòrò díẹ̀díẹ̀ bí omi òjò bá ń kọjá lára rẹ̀, nítorí pé omi òjò kó afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́ra láti òfurufú àti láti inú ilẹ̀, èyí sì ń sọ ọ́ di kíkan díẹ̀. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ojú tó là sínú òkúta náà a di ọ̀nà, ọ̀nà a di ihò, omi a sì máa gba ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ṣàlàyé pé apá kan nínú òjò tó rọ̀ sí agbègbè náà ń rìn lọ sí ìsàlẹ̀ tó tó nǹkan bíi kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ooru, bí a bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó ni ooru náà ń pọ̀ sí i, ní ìwọ̀n 25 sí 30 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà omi tó wọlé ní tútù a móoru níbẹ̀ bí èyí tó wà nínú ìkòkò lórí ẹ̀yinná. Nígbà tó bá dé ibi tí òkúta ti sán, omi tuntun tó ń bọ̀ láti òkè a tì í gba ibi sísán náà jáde sí àfonífojì, níbi tí Buxton wà. Kò sí òkè oníná kankan nítòsí. Òjò, òkúta àti àkókò nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Àkókò náà kì í sì í ṣe kékeré. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sábà ń tọ́ka sí ni pé nǹkan bí 5,000 ọdún ni omi náà ń lò lábẹ́ ilẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń bu omi níbẹ̀ lónìí ń bu òjò tó ti rọ̀ kí àwọn ará Íjíbítì tó kọ́ píráámídì ńlá wọn sí Giza.

Omi Buxton kò gbóná tó ti Bath, tí ooru tirẹ̀ ń dé ìwọ̀n 46, àmọ́ ó mọ́ gaara, kò lóòórùn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ nípa omi onímí-ọjọ́ ti Harrogate, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tí àwọn dókítà ayé àtijọ́ sì ń sọ fún aláìsàn pé òórùn ọ̀hún gan-an ni oògùn. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì ní Èkìtì mọ̀ pé omi lè ti inú ilẹ̀ jáde ní gbígbóná láìsí ẹni tó dáná sí i. Ohun tó yẹ ní bíbéèrè ni ohun tí àwọn èèyàn fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe.

Òrìṣà, Ẹni Mímọ́ àti Ọ̀pá Arọ

Àwọn ọmọ ogun Róòmù, tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kìíní, pe ibẹ̀ ní Aquae Arnemetiae, ìyẹn omi Arnemetia, òrìṣà obìnrin tí àwọn tó ni ilẹ̀ náà ṣáájú wọn ń bọ, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ mọ́ igbó ọ̀wọ̀. Ìlú méjì péré ni àwọn Róòmù fi irú orúkọ omi bẹ́ẹ̀ pè ní gbogbo erékùṣù náà, Bath sì ni èkejì. Fún ẹni tó mọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àlàyé kò pọ̀ lórí bí odò, igi àti abo òrìṣà ṣe ń wà pọ̀ lójú kan.

Nígbà tí ẹ̀sìn Krístì gbilẹ̀, wọ́n kó omi náà fún Ánnà Mímọ́, tí ìtàn ìjọ sọ pé ó jẹ́ ìyá Màríà, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tó rí ìwòsàn sì ń fi ọ̀pá arọ àti ẹ̀wù wọn sílẹ̀ níbẹ̀ láti fi jẹ́rìí. Ní 1538, nígbà tí ọba Henry Kẹjọ ti ya kúrò lábẹ́ póòpù, ìránṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ Thomas Cromwell, olórí olùdámọ̀ràn ọba náà, dé, ó gbé ère ẹni mímọ́ náà lọ, ó kó gbogbo ọ̀pá àti aṣọ náà dànù, ó sì ti àwọn ibi ìwẹ̀ pa. Ìwà àwọn aláṣẹ nípa irú nǹkan báyìí kò yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì: ojúbọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tì.

Ṣùgbọ́n omi kò gbọ́ àṣẹ ọba. Kí ogójì ọdún tó pé, dókítà kan tó ń jẹ́ John Jones ti kọ ìwé kan jáde ní 1572 nípa àǹfààní omi Buxton fún ara, àwọn ìjòyè sì ti padà síbẹ̀ lábẹ́ orúkọ ìṣègùn. Lára wọn ni Mary, ọbabìnrin ilẹ̀ Scotland, tí Elizabeth ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì há mọ́ lábẹ́ ìṣọ́ ìjòyè Shrewsbury, tí làkúrègbé sì ń dà láàmú. Láàárín 1573 sí 1584, wọ́n gbà á láyè láti wá wẹ̀ ní Buxton léraléra, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ilé tí wọ́n sì fi í wọ̀ sí ni ìpìlẹ̀ ilé ìtura Old Hall, tó ṣì ń gba àlejò dòní.

Ìtura ilé náà láyé àtijọ́ kò kọjá ohun tí ẹnu ń sọ. Obìnrin arìnrìn-àjò kan tó lówó lọ́wọ́, Celia Fiennes, dé ibẹ̀ ní 1697, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrò pọ̀ débi pé àlejò ní láti bá ẹni tí kò mọ̀ rí sùn lórí ibùsùn kan náà. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ.

Ilé Tí Òjò Yàwòrán Rẹ̀

Nǹkan bí ọgọ́rin ọdún kọjá lẹ́yìn náà kí owó ńlá tó wọ ìlú yìí. William Cavendish, tó jẹ́ Duke of Devonshire karùn-ún, oyè tí kò sí oyè ìjòyè tó ga jù ú lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ilẹ̀ Buxton, òun náà ló sì ni ibi ìwakùsà bàbà ní Ecton, tó wà ní agbègbè Staffordshire tó bá a pààlà. Èrè bàbà náà ló fi gbéra láti bá Bath díje, ó sì gbéṣẹ́ fún John Carr, ayàwòrán ilé láti York, tó kọ́ Crescent, ilé ńlá tó tẹ̀ bí oṣù tuntun yẹn, láàárín 1780 sí 1789.

Ẹni tó bá dúró níwájú Crescent nínú òjò yóò kọ́kọ́ rí ìtẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀wọ́ fèrèsé rẹ̀ tó tò rere, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Gbogbo iwájú ilé náà, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta tí òpó gbé dúró, tí òrùlé sì bò, tí ó so ilé ìtura, ilé àyágbé àti yàrá ijó pọ̀ mọ́ ibi ìwẹ̀, débi pé aláìsàn tó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè ti orí ibùsùn rẹ̀ dé inú omi kí ẹ̀kán òjò kan tó kàn án. Ní Bath, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ irú ilé tó tẹ̀ báyìí, iwájú ilé gbalasa ni, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kankan. Carr wo ìlú náà, ó wo ojú ọ̀run, ó sì mọ ohun tó ń ṣe.

Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹṣin. Lẹ́yìn Crescent, lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, ó kọ́ ilé ẹṣin ńlá tí ààyè rẹ̀ gba ẹṣin tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì yí àgbàlá inú rẹ̀ ká pẹ̀lú ọ̀nà olórùlé tó rí rogodo, kí àwọn ẹṣin lè máa rìn, kí ẹsẹ̀ wọn lè máa nà, nígbà tí òjò kò bá jẹ́ kí wọ́n jáde. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ apá kan ilé náà di ilé ìwòsàn fún àwọn tálákà, ní 1859, nígbà tó sì di 1881, ayàwòrán ilé kan ní Buxton, Robert Rippon Duke, fi irin àti pákó gbé òrùlé rìbìtì kan bo gbogbo àgbàlá náà. Ìbú òrùlé yìí jẹ́ 44 mítà, ó fẹ̀ ju ti Pantheon ní Róòmù lọ, ó sì fi nǹkan bíi mítà mẹ́wàá fẹ̀ ju ti kàtídírà St Paul ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí irú rẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé nígbà náà, láìsí òpó kankan láàárín rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ti inú òjò wọ ibẹ̀ tó pàtẹ́wọ́ ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ rẹ̀ yóò gbọ́ ìró náà bó ṣe ń padà bọ̀ sórí rẹ̀ láti òkè.

Owó tí wọ́n fi ṣe òrùlé náà ní ìtàn tó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá mọ̀. Àjọ tó ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ Lancashire tó ṣàìsàn ló mú owó wá, owó àjọ náà sì ti inú ọrẹ tí wọ́n dá nígbà ọ̀wọ́n òwú jáde, láàárín 1861 sí 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dí ọ̀nà òwú tí àwọn ẹrú ń gbìn ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, tí ẹ̀rọ ìhunṣọ dákẹ́, tí ebi sì wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́. Ṣáájú ọ̀wọ́n náà ni oníṣòwò Manchester kan, Thomas Clegg, ti ń bá àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS ṣiṣẹ́ láti gba òwú láti Abẹ́òkúta, tí àwọn ọ̀dọ́ bíi Henry Robbin sì ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọn òwú àti bí wọ́n ṣe ń dì í ní Manchester kí wọ́n tó padà sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òwú náà kàn Ẹ̀gbá, ó kàn Alabama, ó sì kàn aláìsàn tó dùbúlẹ̀ ní Buxton.

Ọkọ̀ ojú irin dé ní 1863, ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn díje ló sì gbé e dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé ńlá tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan ti lọ, èkejì ṣì ń gba èrò. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni àwọn ilé tó ń gbani lọ́wọ́ òjò ń pọ̀: wọ́n ṣí ọgbà Pavilion ní 1871, pẹ̀lú gbọ̀ngàn onígíláàsì tó gùn, níbi tí àlejò ti lè rìn láàárín òdòdó kó sì máa gbọ́ orin nígbà tí òjò bá ń lu gíláàsì lókè orí rẹ̀, ní 1903 sì ni Frank Matcham kọ́ ilé eré Opera House sí ẹnu ọgbà náà. Inú gbọ̀ngàn onígíláàsì yìí kan náà ni àwọn èrò ń sá sí dòní, tí wọ́n ń mu tíì, tí omi sì ń kán láti ara kóòtù wọn sílẹ̀.

Nígbà Tí Dókítà Kò Kọ Omi Fúnni Mọ́

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, dókítà a máa kọ iye ife omi tí aláìsàn yóò mu àti iye ìṣẹ́jú tí yóò fi wà nínú ìwẹ̀ sínú ìwé fún un, àwọn tó sì ní làkúrègbé ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ilé ìwòsàn abẹ́ òrùlé rìbìtì náà gba àwọn ọmọ ogun tó fara pa. Vera Brittain, tó dàgbà sí Buxton, tí ìlú náà sì sú u, ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní 1915 kó tó di òǹkọ̀wé tó gbajúmọ̀.

Lẹ́yìn ogun kejì, nǹkan yí padà. Ìjọba dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1948, oògùn tuntun dé, ọkọ̀ òfurufú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọlọ́lidé lọ sí Sípéènì, níbi tí oòrùn kì í ti í wọ́n. Àwọn ibi ìwẹ̀ Buxton tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwẹ̀ gbígbóná, tí wọ́n kọ́ ní 1853, di ilé ìtajà, oníṣẹ́ ọnà Brian Clarke sì fi gíláàsì aláràbarà ṣe òrùlé rẹ̀ ní 1987, ìmọ́lẹ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìta bá ṣókùnkùn. Láàárín àwọn ilé ìtajà náà, wọ́n ṣì tọ́jú kòtò ìwẹ̀ kan tí táìlì bo ara rẹ̀, àti àga tí wọ́n fi ń sọ aláìsàn tí kò lè rìn sínú omi.

Àwọn oníṣègùn òde òní kò gbà pé èròjà inú omi náà ń wo làkúrègbé. Ohun tí wọ́n gbà ni pé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń gbé ìwúwo ara kúrò lórí oríkèé, ó ń dẹ iṣan, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè na ẹsẹ̀ náà láìsí ìnira púpọ̀, èyí tí omi ilé tí wọ́n bá gbóná náà lè ṣe. Ilé ìwòsàn náà ṣiṣẹ́ títí di 2000, Yunifásítì Derby sì gba ilé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìdáná àti iṣẹ́ ìtura sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Crescent fúnra rẹ̀ ṣófo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òjò tó jẹ́ bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti òkè. Iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ fà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé owó ṣòro, àti nítorí pé orísun omi wà lábẹ́ ilé náà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bà jẹ́. Oṣù Kẹwàá 2020 ló tó tún ṣí gẹ́gẹ́ bí ilé ìtura olówó ńlá tó ní ibi ìwẹ̀, nígbà tí àrùn kòrónà ṣì ń dààmú gbogbo ayé. Lára ará ìlú ni àwọn tó yọ̀ pé ilé náà kò wó, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń sọ pé ibi tí tálákà ti ń gba ìwòsàn ọ̀fẹ́ nígbà kan ti di ti ẹni tó lè san owó alẹ́ kan tó tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹjọ́ àwọn méjèèjì tọ̀nà.

Lẹ́yìn Ìlú

Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá lè gba ẹrẹ̀ yẹ kó rìn kọjá ọgbà Pavilion lọ sí igbó Grin Low, ní gúúsù ìlú, níbi tí ihò Poole wà. Inú ihò yìí ni òǹwòran ti lè fojú rí ohun tí òjò ń ṣe fún òkúta ẹfun: omi ń kán láti òkè, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì ń fi ẹfun díẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi di òpó tó rọ̀ sílẹ̀ tàbí tó hù láti ilẹ̀. Ooru inú rẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 tẹ̀ẹ̀rùn-tòtútù, nítorí náà, lọ́jọ́ tí yìnyín bá bo ìta, inú ihò ni ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù.

Igbó tó bo òkè náà kò ti ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń sun òkúta ẹfun nínú iná ìléru láti fi ṣe ẹfun ìkọ́lé àti ti oko ló ba òkè náà jẹ́, ní nǹkan bí 1820 ni Duke ti ìgbà náà sì ní kí wọ́n gbin igi bò ó, kí ojú àwọn tó wá wẹ̀ má bàa rí àpá náà. Iṣẹ́ òkúta kò tíì kúrò. Nígbà tí ìjọba ya Peak District sọ́tọ̀ ní 1951 gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìpamọ́ àkọ́kọ́ ní Bìrìtìkó, wọ́n fa ààlà rẹ̀ yí Buxton ká, wọ́n sì fi ìlú náà àti àwọn kúárì rẹ̀ sílẹ̀ sí ìta, nítorí ihò tí wọ́n ń gbẹ́ náà kò bá ẹwà tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ mu. Òkúta kan náà tó ń sẹ́ omi fún ìlú ni wọ́n ń kó lọ sí ilé iṣẹ́.

Lórí òkè náà, ní nǹkan bí 440 mítà, ilé ìṣọ́ kékeré kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1896, tí wọ́n ń pè ní Solomon's Temple, tí wọ́n máa ń ní kí àlejò gùn láti wo gbogbo àyíká. Nínú kùrukùru oṣù Kejìlá, kò sí àyíká kankan láti wò níbẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Manchester, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Piccadilly kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ kó tó dé Buxton. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ má ṣe dúró de oṣù Keje, nígbà tí àjọ̀dún orin kún ilé ìtura gbogbo, tí oòrùn sì ń jẹ́ kí ìlú náà jọ ìlú yòówù. Kó lọ ní ìgbà òtútù, kó wọ bàtà tí omi kì í gbà àti kóòtù tó nípọn, kó sì gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Crescent kọjá nígbà tí òjò bá le, nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Carr tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ.